Àtùpà Iwájú Orí àti Ojú Ẹnìkejì Wa

Ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Nítorí òwe yìí ni a ṣe mú kálàmù wa lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kékeré kan tí ó ti di ará ilé fún púpọ̀ nínú yín ní Apápá àti ní Ajégúnlẹ̀, èyíinì ni àtùpà oníbátìrì tí à ń fi okùn fífà dè mọ́ iwájú orí. Nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, òun ni ìyá ilé ń dè mọ́ orí kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè se oúnjẹ alẹ́. Òun ni ọmọ ilé-ìwé fi ń ka ìwé rẹ̀. Òun náà sì ni mẹkáníìkì tí ó dùbúlẹ̀ sí abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wáàfù fi ń wá nọ́ọ̀tì tí ó bọ́. Nítorí pé tọmọdé tàgbà ni ó ń lò ó, kò sí ẹni tí ó rò pé ó ní ẹ̀kọ́ kan nínú. Àwa pẹ̀lú kò rò bẹ́ẹ̀, títí a fi wọ inú ihò lọ.

Ilẹ̀ àdúgbò wa kò mọ ihò. Iyanrìn àti àbàtà ni, ẹni tí ó bá sì gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ yóò kan omi. Ní òkè ni Yorùbá ti ní ihò àpáta. Abẹ́ Olúmọ ní Abẹ́òkúta ni àwọn Ẹ̀gbá fi ṣe ibi ìsádi ní nǹkan bí ọdún 1830. Nínú Ihò Eléérú, lẹ́bàá Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ti hú egungun ènìyàn kan jáde ní ọdún 1965, èyí tí ó ti wà nínú ilẹ̀ fún ohun tí ó ju 10,000 ọdún lọ. Ṣùgbọ́n abẹ́ àpáta ni ìwọ̀nyí, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán a máa wọ inú wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òkùnkùn tí kò ní òṣùpá tí kò sì ní ìràwọ̀, àfi kí ó lọ sí ibi tí ihò gbé wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn méjìlá láti àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀ gbéra lọ sí ìlú Ogbunike ní ìpínlẹ̀ Anambra, láti wo ihò ńlá tí ó wà níbẹ̀. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òkìkí ihò náà kàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé láti ọdún 2007 ni Nàìjíríà ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí ó fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. A kọjá odò Ọya ní Onitsha, a dé ìlú náà, a sì sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí ó lé ní 300, títí a fi dé àfonífojì tí ẹnu ihò wà. Níbẹ̀ ni gbogbo wa ti bọ́ bàtà, nítorí àṣà ibẹ̀ kò gbà kí ènìyàn wọ bàtà wọlé. Omi ń ṣàn nínú ihò náà, àwọn àdán pọ̀ lókè, àwọn ọ̀nà kan sì wà tí ènìyàn kò lè gbà bí kò ṣe pé kí ó rákò.

Àwa méjìlá, àtùpà márùn-ún ni a mú lọ. A rò pé ó tó, nítorí nínú ilé àtùpà kan ṣoṣo a máa tàn kárí yàrá. A kò rántí pé yàrá ní ògiri funfun tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà fún wa. Òkúta ihò dúdú, ó sì tutù; ibi tí àtùpà bá kọjú sí nìkan ni ó ń mọ́, ibi yòókù a sì ṣókùnkùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ọ̀kan nínú àtùpà márùn-ún náà wà ní iwájú orí wa, nítorí àwa ni àgbà ibẹ̀. Ìyá kan tí ń ta tòmátì ní ọjà Boundary ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Kò ní àtùpà, ìmọ́lẹ̀ wa ni ó ń tẹ̀lé. Bí ó ti gbé ẹsẹ̀ kan lé òkúta tí omi ti mú kí ó máa yọ̀, ó ké sí wa pé, “Bàbá Akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró dè mí.” Kí ni a ṣe? A yí ojú sí i láti dá a lóhùn. Iná tí ó wà ní iwájú orí sì bá ojú wa yí, ó tàn sí i lójú gbòò. Ìyá náà gbé ọwọ́ láti fi bojú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì tàsé, ó sì ṣubú lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Igbe tí ó ké nìyí: “Bàbá Akọ̀wé, iná yín ni! Ẹ ti fọ́ mi lójú o!”

Egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ni ó ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó fi so ọwọ́ náà kọ́ ọrùn, tí kò lè gbé apẹ̀rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ń fi ilé-ìwé sílẹ̀ láti bá a tajà. A bẹ̀ ẹ́, a sì ṣe ohun tí ó yẹ níti owó. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kì í so egungun pọ̀, owó kì í sì í dá ọjọ́ tí ọmọ pa jẹ ní ilé-ìwé padà.

Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe ìkà ni ó mú wa ṣe é, kì í sì í ṣe àìbìkítà pàápàá. Ìwà tí a kà sí rere ni: ẹni tí ó bá pe ni ni a ń kọjú sí. Afinimọ̀nà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ìlú náà, ni ó là wá lóye. Lẹ́yìn tí ó ti bá wa gbé ìyá náà jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àtùpà orí wa sílẹ̀, ó sì wí pé, “Bàbá, níhìn-ín a kì í wo ènìyàn lójú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni a ń wò.” Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ àjèjì sí wa. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òbí wa tọ́ wa, pé ọmọ tí a kọ́ kì í wo àgbà lójú kòrókòró? Ohun tí ilé kọ́ wa ní ìgbà èwe ni ihò ń béèrè lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà: kí olúkúlùkù tẹ orí ba.

Kì í ṣe lónìí ni Yorùbá ti mọ àtùpà orí. Àwọn ọdẹ òru wa ti ń dé e tipẹ́, àtùpà kábáìdì ni tiwọn. Ọ̀gbẹ́ni Thomas Willson, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ni ó ṣèèṣì rí ọ̀nà tí a fi lè ṣe kábáìdì lọ́pọ̀ yanturu ní ọdún 1892, nígbà tí ó ń wá nǹkan mìíràn. Ní ọdún 1900 sì ni Frederic Baldwin ti ìlú New York gba ìwé àṣẹ lórí àtùpà tí ń lò ó. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Omi wà ní apá òkè, kábáìdì wà ní apá ìsàlẹ̀. Bí omi ti ń kán sí i lẹ́kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ kan a máa jáde tí ń gba ẹnu kékeré kan wá sí iwájú, níbẹ̀ ni a ó ti ṣá iná sí i, irin dídán tí ó yí i ká yóò sì ta ìmọ́lẹ̀ náà síwájú. Àwọn wẹ́dà wa ní Ajégúnlẹ̀ mọ òórùn kábáìdì yìí dáadáa, nítorí afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n fi ń jó irin.

Ṣùgbọ́n kí ni ọdẹ ń fi iná náà wá? Ojú ẹranko ni. Ojú ẹranko òru a máa dá iná padà bí ìgbà tí a bá tan iná sí dígí. Nígbà tí ọdẹ bá sì tan iná sí i, ẹranko náà a dúró, nítorí kò rí nǹkan mọ́. Nítorí náà, ohun ìjà ni iná ọdẹ í ṣe, àní gẹ́gẹ́ bí ìbọn rẹ̀. Ohun tí ọdẹ ń ṣe sí ẹranko ni àwa ṣe sí ìyá olótòmátì, tí a sì pè é ní ìwà ọmọlúàbí.

Ti òde òní tilẹ̀ wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àtùpà tí à ń rà ní ọjà nísinsìnyí kò ní iná tí ń jó, kò sì ní wáyà tí ń gbóná bíi ti gílóòbù àtijọ́. Ohun bíńtín tí a ń pè ní LED ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí a bí ní Jàpáánù, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ni ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2014, nítorí pé LED aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ṣe ni ó jẹ́ kí a lè rí ìmọ́lẹ̀ funfun láti ara rẹ̀. Ìbùkún ńlá ni, nítorí bátìrì kékeré a máa gbé e fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Ojú ènìyàn a máa gbà tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ó tó mọ́ òkùnkùn lára tán. Ìmọ́lẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá kan sì tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí a tan iná sí lójú kò fọ́jú fún ìṣẹ́jú àáyá kan náà nìkan. Yóò máa rí àmì funfun ní ojú rẹ̀, òkúta tí ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé yóò sì pòórá.

Níwọ̀n bí àwọn ọ̀dọ́ wa ti fẹ́ràn láti máa rìnrìn-àjò lọ sí irú ibi báyìí ní àkókò ìsinmi, a ó to ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ lẹ́sẹẹsẹ, kí àwọn òbí lè kà á fún wọn kí wọ́n tó kúrò nílé.

Èkíní, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àtùpà mẹ́ta. Èyí ni àṣẹ tí ẹgbẹ́ àwọn awọhò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, National Speleological Society, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1941, ń tẹnu mọ́: ọ̀kan ní orí, lára akoto líle tí ń dáàbò bo agbárí, méjì yòókù nínú àpò, pẹ̀lú bátìrì mìíràn tí a kò tíì lò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn àwọn wúńdíá mẹ́wàá kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè yá ni ní àtùpà rẹ̀ nínú ihò láìjẹ́ pé òun náà bọ́ sínú òkùnkùn. Àtùpà márùn-ún fún ènìyàn méjìlá, ẹ̀ṣẹ̀ wa àkọ́kọ́ nìyẹn, a sì ti dá a nílé kí ẹsẹ̀ wa tó kan ọ̀nà.

Èkejì, kí a máa fi ẹnu dáhùn kí a tó fi ojú dáhùn. Bí ẹnìkan bá pe ọ́ láti ẹ̀yìn, dúró, dáhùn pé o gbọ́, kí o sì fi ọwọ́ bo àtùpà náà tàbí kí o tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí o tó yípadà. Bí ẹ bá jókòó sọ̀rọ̀, ẹ dín iná kù, kí ẹ sì kọ ojú sí ògiri. Ẹni tí ó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ kò ní bínú pé o kò wo òun. Inú rẹ̀ yóò dùn.

Ẹ̀kẹta, kí ìmọ́lẹ̀ máa wà ní ilẹ̀. Níbi tí ọ̀nà bá burú, kí ẹni tí ó ti kọjá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó sì tan iná sí ibi tí ẹni tí ń bọ̀ yóò gbé ẹsẹ̀ lé. Kí ó má ṣe dúró ní ọ̀kánkán rẹ̀. Bí ó bá di dandan pé kí ẹnìkan wà láìní àtùpà nítorí tirẹ̀ ti bàjẹ́, kí a fi í sí àárín ẹni méjì tí tiwọn ń tàn.

Ẹ̀kẹrin, kí a ṣàánú fún àwọn onílé. Àdán àti òòbẹ̀ ni ó ni ihò, àlejò ni àwa. Bí a bá tan iná líle sí wọn níbi tí wọ́n so rọ̀ sí, tí a sì ń pariwo, wọn yóò fò káàkiri, àwọn ìyá inú wọn sì lè já ọmọ wọn sílẹ̀. Òòbẹ̀ tí ẹ ń rí wọ̀nyí a máa jẹ kòkòrò púpọ̀ ní òru, àdán a sì máa gbé èso igi kiri igbó. Ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Àwọn àtùpà kan wà tí ó ní iná pupa. Èyí kì í dà wọ́n láàmú tó funfun, kì í sì í fọ́ ẹnìkejì lójú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ohun tí a bá gbé wọlé, kí a gbé e jáde. Eérú funfun tí kábáìdì ń fi sílẹ̀ a máa jó ojú àti ara, ó sì ń ba omi jẹ́ fún ohun tí ń gbé inú rẹ̀. Bátìrì tí ó ti kú kò dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹfà, kí a sọ fún ẹnìkan ní òde ìgbà tí a ó jáde. Bí gbogbo àtùpà bá kú, kí a jókòó pọ̀ níbi tí a wà, kí a má ṣe fi ọwọ́ tá ọ̀nà kiri. Ẹni tí ó jókòó ni a ń rí. Ẹni tí ó ń rìn kiri nínú òkùnkùn ni kòtò ń rí.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó kan Apápá gan-an, a kò sì lè ṣe aláìsọ ọ́. Nígbà àtijọ́, iná tí ń jó ni awakùsà fi ń ríran nínú ilẹ̀. Ní ọdún 1812, ní ibi ìwakùsà Felling ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, afẹ́fẹ́ búburú inú ilẹ̀ gbiná, ènìyàn 92 sì kú. Èyí ni ó mú kí Humphry Davy ṣe àtùpà rẹ̀ ní ọdún 1815, tí ó fi àwọ̀n irin wẹ́wẹ́ yí iná ká kí ó má bàá ràn mọ́ afẹ́fẹ́ náà. Àtùpà yìí ní ọgbọ́n mìíràn nínú: bí afẹ́fẹ́ búburú bá wà, ọwọ́ iná rẹ̀ a yí àwọ̀ padà, bí afẹ́fẹ́ tí à ń mí bá sì dínkù, iná náà a rẹ̀wẹ̀sì, a sì kú, awakùsà a sì mọ̀ pé ó tó àkókò láti sá. Àtùpà oníbátìrì kò ní ọgbọ́n yìí rárá. Kò mí, nítorí náà kò lè sọ fún ọ pé kò sí ohun tí o lè mí. Yóò máa tàn rekete lórí ẹni tí ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀.

Láti ọdún 1926 tí ibùdókọ̀ ojú omi Apápá ti bẹ̀rẹ̀ sí gba ọkọ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń sọ̀kalẹ̀ sínú ikùn ọkọ̀ lọ ṣiṣẹ́. Ihò tiwa nìyẹn. Irin tí ń dógùn-ún, igi, èédú àti ọkà tí a pa dé sínú ọkọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ a máa jẹ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán láìní òórùn kankan. Nítorí èyí ni àjọ àgbáyé tí ń ṣe àkóso ọkọ̀ ojú omi, IMO, fi gbé ìlànà jáde ní ọdún 2011 pé a kò gbọdọ̀ wọ irú ibi bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé a ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, tí a sì ti fi ẹ̀rọ dán an wò, tí ẹnìkan sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bákan náà ni kànga àti ṣálángá wa rí, pàápàá kànga tí a gbé jẹnẹrétọ̀ sọ̀kalẹ̀ sí tí èéfín rẹ̀ kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá tan iná wo inú rẹ̀ tí ẹ sì rí ìsàlẹ̀ kedere, ẹ má ṣe rò pé ibẹ̀ dára fún ènìyàn. Bí ẹnìkan bá sì ṣubú nínú rẹ̀, ẹ má ṣe bẹ́ sí i láti gbé e. Ẹni tí ó bẹ́ sí i ni ó sábà máa ń di òkú kejì. Ẹ ké pe àwọn tí ó ní ẹ̀rọ fún un.

Níti ìyá olótòmátì, ọwọ́ rẹ̀ ti san, ọmọ rẹ̀ sì ti padà sí ilé-ìwé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná mànàmáná lọ, a yà ní ìsọ̀ rẹ̀ láti ra tòmátì, àtùpà sì wà ní iwájú orí wa. Bí ó ti gbọ́ ohùn wa, a rí i tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé ọwọ́ láti fi bojú. Àwa ti tẹ iná náà sílẹ̀ ṣáájú. Orí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ó tàn sí. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ káalẹ́, Bàbá Akọ̀wé. Ó ti mọ́ yín lára.” Ó sì fi ẹyọ tòmátì méjì lé e fún wa.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń ra àtùpà fún ọmọ yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ kọ́ ọ bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó kọ́ ọ bí a ti ń tàn án.